Owó Sáà àti Ọ̀sẹ̀ Méjìdínlógún: Ètò Ìnáwó fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ní Kàbbà

Owó akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọlé bí owó oṣù òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ mọ̀ pé bí oṣù bá ti ń parí lọ, owó mìíràn ti ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa fà á lò títí ìdánwò yóò fi parí. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń wọlé. Àpò máa ń kún ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì le. Ó máa ń gbẹ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, nígbà tí ìwé kíkà le jù, tí ara sì nílò oúnjẹ jù. Ètò ìnáwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mọ iye ọ̀sẹ̀ tí owó náà gbọ́dọ̀ gbé e dé, kí ó sì pín in kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Kàbbà ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́tipẹ́. Ní 1964 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èyí tí Yunifásítì Ahmadu Bello darí láti Zaria fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ìlú náà ní 2023. Àwọn ọmọ Okun, ìyẹn àwọn ọmọ Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ń kàwé ní Kàbbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ebira àti Igala. Ọ̀pọ̀ ọmọ Okun mìíràn sì wà ní Lọ́kọ́jà, ní Anyigba, ní Ìlọrin. Ibi yòówù kí wọ́n wà, ọ̀nà tí owó fi ń dé ọwọ́ wọn jọra: òbí, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó tàbí Àbújá, ẹgbẹ́ ìlú tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń ran ọmọ lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe, àti láti 2024, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀.

Ti òbí ló gba àlàyé jù. Ní ilẹ̀ Okun, oko ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń tọ́ ọmọ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti ń jáde jù ní Nàìjíríà, láti nǹkan bí oṣù kejì dé oṣù karùn-ún ọdún sì ni àwọn oníṣòwò máa ń wọ abúlé wá ra kóró rẹ̀. Iṣu tuntun ń jáde láti nǹkan bí oṣù kẹjọ. Kòkó àti kọfí ní àsìkò tiwọn. Àsìkò oko àti àsìkò ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà bára mu. Sáà lè wọlé ní oṣù kọkànlá, nígbà tí owó kajú tó kọjá ti tán nílé, tí kajú tuntun kò sì tíì so. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ tó kọ iye kankan sílẹ̀, ó yẹ kó bi wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ìgbà wo nínú ọdún ni owó máa ń wọlé fún wọn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ oṣù kẹta, a jẹ́ pé owó oṣù kẹta ni yóò san owó ilé-ìwé oṣù kọkànlá, tẹbí tọmọ yóò sì ti yà á sọ́tọ̀ láti ìgbà tí àwọn oníkajú bá ti sanwó. Ilé tí wọ́n ti jọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà sáré lọ yáwó èlé nígbà tí orúkọ bá fẹ́ yọ kúrò nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Ti òbí tó ń gba owó oṣù yàtọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí fọwọ́ sí ₦72,500 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà tàbí akọ̀wé tó ń gba iye tó sún mọ́ èyí, tó sì ní ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé, kò lè fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí ẹnì kan lóṣooṣù kí ilé má dojú rú. Ọmọ tó bá mọ èyí á mọ bí òun ṣe máa béèrè, á sì mọ ohun tí kò yẹ kí òun béèrè. Ní ti ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó tàbí Àbújá, ohun tó bá ti fi ránṣẹ́ ni owó. Ohun tó ṣèlérí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò títí yóò fi dé.

Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ń ti ọwọ́ àjọ NELFUND wá. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, ìforúkọsílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà. Àjọ náà ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń san ₦20,000 lóṣooṣù sí àpò akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, tó sì ti rí iṣẹ́, ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni fún ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ó sì yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Okun tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà nínú ètò náà mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ₦20,000 oṣooṣù náà gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe ń wọlé lórí fóònù jọ ẹ̀bùn. Ẹni tó bá gbà á fún oṣù mẹ́wàá nínú ọdún, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ti jẹ ₦800,000 láìka owó ilé-ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn tí orísun owó bá ti hàn, ìṣirò ló kàn. Ohun àkọ́kọ́ ni kí owó ọdún àti owó sáà má wọ inú ara wọn. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó yàrá jẹ́ owó ọdún. Ó yẹ kí wọ́n ti kúrò nílẹ̀ kí ìpín ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù ni owó sáà.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbé ní ìta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní Kàbbà, sáà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún, ìdánwò wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ₦150,000 nígbà tó ń bọ̀, wọ́n sì ṣètò láti máa fi ₦30,000 ránṣẹ́ ní oṣù kejì, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin sáà náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Kò gbọ́dọ̀ pín èyí sí ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn ìnáwó kan wà tí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kankan. Hándáòtù, ìwé àti fọ́tòkọ́pì lè gba ₦24,000. Ọkọ̀ wíwá àti lílọ, ₦16,000. Gáàsì, ọṣẹ, kànrìnkàn, iná mànàmáná àti àwọn ohun kéékèèké inú yàrá, ₦20,000. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦180,000, tí a bá sì fi méjìdínlógún pín in, ₦10,000 ni ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ó yọ ₦1,000 nínú rẹ̀ sápá kan fún àìsàn àti ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ìpín tó kù fún jíjẹ, dátà àti ọkọ̀ inú ìlú jẹ́ ₦9,000.

Iye wọ̀nyí lè má bá ti ẹlòmíràn mu. Ìlànà ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ohun tó fi hàn sì tóbi. Ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí dé, ₦150,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń sọ fún un pé òun lówó. Bí ó bá ya ₦60,000 yẹn sọ́tọ̀, ₦90,000 péré ló kù, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sì ni. Bí ó bá ń ná ₦15,000 lọ́sẹ̀ dípò ₦10,000, kò ní rí ara rẹ̀ bí onínàákúnàá, nítorí ìyàtọ̀ náà kò tó ₦1,000 lójúmọ́. Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni ₦180,000 yóò tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò sì kù, ìdánwò gbogbo sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí a rí tí wọ́n ń ka ìwé lórí gàrí tútù lásìkò ìdánwò kò gba owó kékeré ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kù ni wọn kò kà.

Ìlànà kan wà tí àwọn olùkọ́ ètò owó máa ń tọ́ka sí káàkiri ayé: kí ènìyàn ná ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sórí ohun kòṣeémánìí, ìdá ọgbọ̀n sórí ohun tó wù ú, kí ó sì fi ìdá ogún pamọ́. Elizabeth Warren àti ọmọ rẹ̀ Amelia Warren Tyagi ló sọ ọ́ di mímọ̀ nínú ìwé wọn tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbbà tí oúnjẹ nìkan ń gba èyí tó ju ìdajì owó rẹ̀ lọ kò ní í jàǹfààní púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yẹ kó ka ara rẹ̀ sí aláṣejù nítorí pé ìṣirò rẹ̀ kò bá a mu.

Àkọsílẹ̀ ni ohun tó ń mú kí ìpín dúró. Ìwé kékeré kan ti tó, tàbí ojú ewé kan nínú fóònù: ọjọ́, ohun tí a rà, iye rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí akẹ́kọ̀ọ́ ro ti ọ̀sẹ̀ náà pọ̀. Bí ó bá ti kọjá ìpín pẹ̀lú ₦1,500, ₦7,500 ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn tí ìpín kò tó, ìṣirò àkọ́kọ́ ni kò tọ́, òun ni kí a tún ṣe. Kò yẹ kí ènìyàn máa bá ara rẹ̀ wí lórí iye tí kò ṣeé ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ni ìnáwó tó tóbi jù, ibẹ̀ náà sì ni ọgbọ́n ti lè dín nǹkan kù jù. Gàrí, ẹ̀wà, iṣu àti epo pupa tí ọmọ gbé láti ilé wá jẹ́ owó, ó sì yẹ kí wọ́n wà nínú àkọsílẹ̀ bí owó tó wọlé, kí ó lè hàn pé wọ́n ń tán. Mudu ni wọ́n fi ń wọn gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà ní agbègbè yìí, bí kóńgò ṣe wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní ife mẹ́ta mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ń san ju ẹni tó ra mudu mẹ́rin lọ́jọ́ ọjà lọ, nítorí pé alátẹ náà gbọ́dọ̀ jèrè lórí ife kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ ń gbé lè da owó pọ̀ ra ìdajì àpò, kí wọ́n pín in, kí wọ́n sì máa dáná pọ̀. Gáàsì tí wọ́n fi ń se ìkòkò ẹ̀wà kan fún ẹni mẹ́rin kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Ẹ̀wà nìkan ni kí wọ́n ṣọ́ra láti rà jọ púpọ̀, nítorí kòkòrò. Oúnjẹ bùkátéríà kò burú lọ́jọ́ tí kíláàsì kò jẹ́ kí ènìyàn rójú dáná, ṣùgbọ́n bí ó bá di ti ojoojúmọ́, ₦9,000 kò ní í dé ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀wọ́n gógó ọjà tún ń da ètò rú. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè yìí kéde pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ rà ní ₦10,000 ní ọdún kìíní ti di ₦14,087 nígbà tó wọ ọdún kejì. Ètò ìnáwó sáà tó kọjá kò ṣeé dà kọ báyìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́jà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé, kí ó bi iye tí mudu gàrí àti ìgò epo kan jẹ́, kí ó sì fi iye yẹn ṣe ìṣirò, kí ó tó sọ fún òbí rẹ̀ iye tí yóò tó. Òbí tó rí iye kọ̀ọ̀kan lórí ìwé máa ń dáhùn dáadáa ju ẹni tí wọ́n kàn pè lórí fóònù pé owó ti tán.

Owó tí kò hàn sójú náà pọ̀. Ilé-ìfowópamọ́ ń gba ₦10 lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 lórí èyí tó kọjá ìyẹn títí dé ₦50,000, àti ₦50 lórí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba sì ní ₦50 tirẹ̀ lórí ₦10,000 sókè. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2025, Báńkì Àpapọ̀ ti fòpin sí àǹfààní gbígba owó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù lẹ́nu ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn. ₦100 ni wọ́n ń gbà báyìí lórí ₦20,000. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ká ní oní-POS ń gba ₦100 lórí iye yòówù tí kò bá ju ₦5,000 lọ, àti ₦200 lórí èyí tó kọjá ìyẹn títí dé ₦10,000. Ẹni tó gba ₦2,000 lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ ti san ₦500. Ẹni tó gba ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan san ₦200. Ìyàtọ̀ ₦300 yẹn, ní ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún, jẹ́ ₦5,400, ó sì ju ìdajì ìpín ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ti dátà náà ṣe rí nìyẹn: èyí tí a ń rà lójoojúmọ́ máa ń wọ́n ju ti oṣù kan lọ bí a bá ro ó pọ̀.

Ìfowópamọ́ kì í ṣe nǹkan àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Samuel Johnson ṣàpèjúwe èsúsú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, William Bascom ará Amẹ́ríkà sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ ní 1952. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé òkè òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí dòní. Bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró, tí wọ́n jọ ń lọ sí oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, ni èsúsú rí: ẹni mẹ́wàá ń dá ₦2,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan sì ń kó ₦20,000. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti rí ẹ̀yáwó tí kò lélé. Ẹni tó kó o gbẹ̀yìn ti tọ́jú owó. Láàárín akẹ́kọ̀ọ́, ohun méjì ló yẹ kí wọ́n fi ṣọ́ èsúsú. Ó gbọ́dọ̀ parí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí sáà bá ti parí, olúkúlùkù yóò gba ilé rẹ̀ lọ, owó ẹlòmíràn yóò sì há. Ẹni tí bùkátà rẹ̀ sún mọ́ jù ni kó sì kọ́kọ́ kó o, kí ó má jẹ́ ẹni tó lẹ́nu jù. Alájọ yàtọ̀ sí èyí: òun ń gba owó lójoojúmọ́, ó ń dá a padà níparí oṣù, ó sì ń mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dirun tàbí tó ń tún fóònù ṣe, tí owó kékeré ń wọlé fún lójúmọ́.

Níbi gbèsè, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ le díẹ̀. Ẹ̀yáwó orí fóònù ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́. Ká ní ẹnì kan yá ₦10,000, tó sì gbọ́dọ̀ san ₦12,000 lọ́sẹ̀ méjì. Ìpín ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,000. Kò sí bí yóò ṣe san án láìyá òmíràn. Bí ọjọ́ bá sì kọjá, àwọn kan lára àwọn ayánilówó wọ̀nyí máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù náà, àti bàbá, àti àlùfáà, àti olùkọ́. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde ní oṣù kẹjọ 2022 láti ká wọn lọ́wọ́ kò, ó sì ń tẹ orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí jáde. Síbẹ̀, àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ kò tán. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kò ní àyè kankan nínú ètò ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́, nítorí owó oúnjẹ ni wọ́n fi ń ta á. Ọ̀nà tó dára ju méjèèjì lọ ni ₦1,000 ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ yẹn, àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ènìyàn pe ilé kí owó tó tán pátápátá.

Ìnáwó ẹgbẹ́ náà wà: aṣọ ẹgbẹ́jọdá, oúnjẹ alẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́, ìsìnkú òbí ẹlẹgbẹ́. Kò ṣeé ṣe fún ọmọ Okun láti sọ pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni dá sí nǹkan. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ó mú iye kan fún odidi sáà, kí ó sì yan èyí tí yóò dá sí. Ìsìnkú ṣáájú aṣọ.

Kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lè yẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Fún oṣù mẹ́jọ yẹn, owó yàrá ọdún kan ń jẹ lọ lórí yàrá tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìpín ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yóò padà sílé, owó tó kù yóò sì wà nílẹ̀ de ọjọ́ ìwọlé. Ó tún yẹ kó bá onílé sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, nípasẹ̀ òbí tàbí àgbà kan, bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ tí owó yàrá tuntun yóò wọlé síwájú.

Bí sáà bá parí wọ́ọ́rọ́wọ́, tí àìsàn tàbí àjálù kankan kò ṣẹlẹ̀, ₦1,000 ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti di ₦18,000. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi í san lára ₦60,000 ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó tẹ̀ lé e, ₦42,000 ni yóò yọ nínú ₦240,000 tí wọ́n bá tún fún un. ₦198,000 ni yóò kù, ìpín ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sì kúrò ní ₦10,000 di ₦11,000 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé fi kọ́bọ̀ kan kún un.